Abà Iṣu Tí Mi Ò Ní Dáná Sun

Ilé Fọláṣadé Aránṣọ,
Ẹ̀yìn Ọjà,
Ìṣẹ̀rí-Olófin, Èkó.
Ọjọ́ Jímọ̀.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Àsàláàmù àlékùn. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ṣé orúnkún yín ti ń gbà yín láyè láti kírun lórí ìdúró, àbí orí àga ni ẹ ṣì wà? Mo bẹ Ọlọ́run kí oògùn tí mo fi ránṣẹ́ bá yín lára mu, kí ara yín le, kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́. Èmi náà wà láàyè, ara mi sì le. Inú mi ni kò dùn, ṣùgbọ́n kò bàjẹ́ tó bí wọ́n ṣe ròyìn rẹ̀ fún yín.

Mo mọ̀ pé yóò yà yín lẹ́nu pé ìwé ni mo kọ, nígbà tí fóònù wà. Bí mo bá pè yín, ẹ ó ti máa sunkún kí n tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì, Bùrọ̀dá Múrítàlá náà á sì ti pè yín ṣáájú mi láti sọ tẹnu wọn. Ìwé kì í jẹ́ kí wọ́n já lu ọ̀rọ̀ ẹni. Ẹ jókòó, ẹ wọ awò ojú yín, kí ẹ kà á dópin kí ẹ tó bínú. Mọ̀dínátù tó gbé e wá kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ má da ìbéèrè bo ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ jẹ́ kí n kúkú ti ibi tó le bẹ̀rẹ̀. Ẹ ránṣẹ́ sí mi pé kí n sun abà iṣu náà, kí ìgbéyàwó èmi àti Jibril má bàa dàrú. Màámi, ẹ dákun, ẹ foríjì mí, mi ò ní sun ún. Bí ìgbéyàwó náà bá sì máa tìtorí ẹ̀ dàrú, ó ti dàrú náà nìyẹn.

Wọ́n sọ fún yín pé mo kọ́ ojúbọ sínú yàrá. Ohun tí mo kọ́ nìyí. Ẹ rántí Bàbá Akínbọ́lá, ará Ẹ̀gbẹ́dá tí mo máa ń bá tún bàtà ṣe. Àgbà ọkùnrin yìí ní katakata kéékèèké tí wọ́n fi irin ṣe, èyí tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí táyà wọn ń yí, tí ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ wà lẹ́yìn wọn. Kì í ṣe fún ọmọdé o. Àwọn àgbàlagbà bíi tiwọn ló ń kó o jọ, tí wọ́n sì máa ń pàtẹ rẹ̀ fún aráyé wò. Ọjọ́ kan ni wọ́n rí ilé kékeré tí mo fi páálí bàtà kọ́ sí ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù mi, ni wọ́n bá ní katakata àwọn ti ń dúró lórí tábìlì lásán tipẹ́, wọ́n ní kí n bá àwọn kọ́ oko tí yóò máa ro àti abà tí yóò máa wọ̀ sí.

Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ yìí ti wọ̀ mí lẹ́jẹ̀. Mo máa ń gé agolo ohun mímu, kí n fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ mọ́ eyín òòyà onígi títí yóò fi rí kọ́lọkọ̀lọ bíi páànù. Mo ń rẹ kàìnkàìn onírin sínú omi iyọ̀, kí n lè rí ìpẹtà fi kun òrùlé náà, torí abà oko kì í ní páànù tuntun. Igi ìgbálẹ̀ ni mo fi ṣe òpó, fọ́nrán àpò kòkó ni mo fi ṣe koríko tí mo fi bo abà iṣu, yẹ̀pẹ̀ pupa tí mo jọ̀ dáadáa ni mo fi kọ ebè. Orí pákò tí à ń rin ni a gbẹ́ di iṣu, a sì fi òwú dúdú tí mo fi ń rán bàtà so wọ́n mọ́ òpó ní ìlà-ìlà: àwọn ńlá nísàlẹ̀, àwọn wẹ́wẹ́ lókè, bí Bàbá mi ṣe máa ń so tiwọn kí Ọlọ́run tó pè wọ́n. Bí ẹ bá rí i, Màámi, ẹ ó mọ ibi tí ẹ máa ń jókòó sí láti ṣa èyí tó ti ń rà.

Ọjọ́ tí àwọn ẹbí Jibril wá mọ̀ wá nílé Bùrọ̀dá mi ní Ìgandò, ẹ̀yin kò lè wá nítorí orúnkún yín, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ẹ̀rín wọn lórí fóònù. Nígbà tí ìrun Àílà tó, Àlhájà Sìdíkátù, ẹ̀gbọ́n bàbá Jibril tó tọ́ ọ dàgbà, ní àwọn ń fẹ́ ibi tó dákẹ́ láti kírun. Ìyàwó Bùrọ̀dá mú wọn wọ yàrá mi, ó tẹ́ ẹní fún wọn, ó fi gábàsì tí wọn yóò kọjú sí hàn wọ́n, ó sì pa ilẹ̀kùn dé. Kò mọ̀ pé apá gábàsì gan-an, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ni mo gbé abà iṣu sílẹ̀ sí kí gọ́ọ̀mù rẹ̀ lè gbẹ. Àlhájà forí kanlẹ̀. Ìgbà tí wọ́n gbórí sókè, àwọn àti ẹnu ọ̀nà abà náà ṣe ojú mẹ́rin.

Igbe tí wọ́n ké, àwọn ará ilé kejì sáré wọlé. Wọ́n ní àwọn tí àwọn ti dé Mẹ́kà, wọ́n ti tan àwọn forí balẹ̀ fún òrìṣà. Màámi, mi ò bú wọn. Ilé koríko kékeré, ilẹ̀ pupa, igi wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi òwú dúdú dì: ta ni Yorùbá tó máa rí i tí kò ní wá bàtà rẹ̀? Bí mo bá rí i nílé ẹlòmíràn, èmi náà á sá. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n, mo sì ṣàlàyé títí ohùn mi fi há.

Alfa Abdulsobur tí wọ́n jọ wá wọ yàrá náà lọ wò ó, Ọlọ́run á bá wa dá wọn sí. Wọ́n ṣí òrùlé rẹ̀, wọ́n yọ iṣu kan, wọ́n gbé e sí imú, wọ́n ní pákò ni. Wọ́n ní kò sí ère ènìyàn níbẹ̀, kò sí ti ẹran, kò sí nǹkan ẹlẹ́mìí kankan, iṣẹ́ ọwọ́ lásán ni, ìrun Àlhájà sì pé. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ti ti Àlhájà lójú àna, wọ́n ní ọkàn àwọn kò lè balẹ̀ àfi bí wọ́n bá sun ún lójú àwọn. Àwọn àgbà gbìmọ̀, wọ́n bu omi sí i, wọ́n ní kí a fi oko àti abà katakata sílẹ̀, kí a sun abà iṣu nìkan. Bùrọ̀dá mi ti wọ kíṣìnnì lọ wá kẹrosíìnì.

Ìgbà náà ni Àlhájà kọjú sí Jibril, wọ́n bi í níwájú gbogbo èrò bóyá ó mọ̀ pé irú nǹkan báyìí wà lọ́wọ́ mi. Màámi, Jibril ló gbẹ́ àwọn iṣu yẹn. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú ló máa ń wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi, tí á gba ọ̀bẹ tí mo fi ń gé awọ, tí á máa gbẹ́ orí pákò, tí á sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé tèmi jọ ọ̀dùnkún. Nítorí náà ọkàn mi balẹ̀. Mo ní á rẹ́rìn-ín ni, á ní òun ni òun gbẹ́ ẹ, gbogbo ilé á sì tú ká pẹ̀lú ẹ̀rín.

Ó wo ilẹ̀. Ó ní, “Rárá o, Mọ̀mí. Mi ò rí i rí.”

Mi ò pariwo, mi ò sì tú u fó. Mo wọ yàrá, mo gbé pákó tí abà náà wà lórí rẹ̀, mo gba àárín wọn kọjá, mo sì jókòó sórí bẹ́ńṣì níta pẹ̀lú rẹ̀ lórí itan mi. Nígbà tí Bùrọ̀dá mi gbé kẹrosíìnì dé, mo ní kí wọ́n tú u sí àwa méjèèjì lára. Wọn ò tú u. Àwọn àlejò gba ẹ̀yìn mi jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sẹ́ni tó kí mi pé ó dàbọ̀ àfi Alfa.

Bùrọ̀dá mi ní ẹni tó bá ti le ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ ti tó wá ilé tirẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún gbogbo ọdún tí wọ́n fi gbà mí sílé, mo sì kó ẹrù mi. Ọ̀dọ̀ Fọláṣadé, aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù wa jọ kángun síra, ni mo wà báyìí. Onígbàgbọ́ ni, kò bi mí ní nǹkan kan. Ó kó aṣọ oníbàárà kúrò lórí tábìlì tó fi ń gé aṣọ, ó ní kí n gbé abà mi síbẹ̀.

Jibril wá síbí. Ó ra ọsàn dání. Ó ní òun kò fẹ́ kí Mọ̀mí bínú sí òun lójú èrò ni, pé nǹkan kékeré ni, kí n ṣá sun ún, bí a bá ti so yìgì tán òun á bá mi kọ́ mẹ́wàá. Ó ní, “Mubarakah, jàre, nítorí igi pákò?”

Mo ní, “Ohun tó o fọwọ́ ara ẹ gbẹ́ lo ní o ò rí rí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kí wọ́n lé èmi síta ńkọ́, ṣé o ò ní ní o ò mọ̀ mí rí?” Ó bó ọsàn kan tán, kò jẹ ẹ́, ó dìde, ó lọ.

Ẹ tún ránṣẹ́ bi mí bóyá nítorí ohun ìṣeré ni n óò ṣe pàdánù ilé ọkọ. Rárá, Màámi. Bí abà náà bá ṣèèṣì jóná, n óò sunkún díẹ̀, n óò sì kọ́ òmíràn. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kí n fi ọwọ́ ara mi sun ohun tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, kí irọ́ tí Jibril pa lè di òótọ́. Bí mo bá sun ún lónìí, ohun tó kàn láti sun kò ní tán nílé yẹn láéláé. Mo fẹ́ràn Jibril. Bí mo ṣe ń kọ èyí, mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀, ó sì ń dùn mí dé egungun. Wọ́n ní ọkùnrin tó lè gba obìnrin aránbàtà sílé ṣọ̀wọ́n, àti pé ọjọ́ ń lọ lórí mi. Kí ọjọ́ máa lọ, ibi tí mo wà ni yóò bá mi.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, Bàbá Akínbọ́lá yóò pàtẹ àwọn katakata wọn sí gbọ̀ngàn kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Wọ́n ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, wọ́n sì bi mí bóyá kí àwọn fi abà iṣu náà sí kọ̀rọ̀, kí ẹnu ayé lè rọlẹ̀. Mo ní àárín gbùngbùn ni, kí wọ́n sì kọ orúkọ mi sí i gàdàgbà. Mo ti gbẹ́ iṣu díẹ̀ kún un fúnra mi. Ọ̀dùnkún ni wọ́n jọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo so wọ́n mọ́ òpó tiwájú. Mo ránṣẹ́ pe Àlhájà náà pé kí wọ́n wá wò ó ní gbangba, kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Wọn kò tíì dá mi lóhùn.

Ẹ lè bínú sí mi, Màámi, ẹ̀tọ́ yín ni. Ṣùgbọ́n ẹ má bá mi bẹ ẹnikẹ́ni, torí mi ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Kí Ọlọ́run fún orúnkún yín lágbára, kí ó má fi ẹkún mi hàn yín, kí ó jẹ́ kí ẹ wà láyé wo ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ yìí. Kí ó fi àánú wọ Bùrọ̀dá mi lọ́kàn, kí ó sì fún Jibril ní ìgboyà fún ẹlòmíràn tó bá máa fẹ́. Àmín.

Èmi ni ọmọ yín, àbígbẹ̀yìn yín tó jogún agídí yín,

Mubarakah.

Àfikún: Mo mọ Jibril. Yóò wá bá yín ní Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí ó mọ̀ pé ọkàn yín rọ̀. Ẹ fún un lómi, ẹ fún un lóúnjẹ, kí ó jẹun yó. Bí ó bá wá sọ fún yín pé òun ni òun gbẹ́ àwọn iṣu náà, ẹ sọ fún un pé òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n etí tó yẹ kó gbọ́ ọ kì í ṣe tiyín.