Téèpù Dúdú Lára Kámẹ́rà Mi: Ìwé Ìhágún Julius Ọláwándé Fámúrewá

Èmi, Julius Ọláwándé Fámúrewá, ọmọ Ìjerò-Èkìtì, tí mo ń gbé ní Dadin Kowa ní ìlú Jos, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ni mo ni ìwé yìí. Ọpọlọ mi pé. Kò sí ẹni tó dúró lé mi lórí. Ojú mi náà sì ríran. Mo ní kí agbẹjọ́rò kọ èyí sílẹ̀ gan-an bí mo ṣe wí i, nítorí ọdún méjìlá ni mo fi gbà pé kò ríran mọ́. Ìwé ìhágún yòówù tí mo ti ṣe ṣáájú èyí, mo fagi lé e.

ÌPÍN KÌÍNÍ. Àwọn tí yóò mú ìwé yìí ṣẹ ni Ọláṣùmbọ̀, ọmọ mi kan ṣoṣo, àti Matthias Gyang, ọ̀rẹ́ mi tí ilé wa fara kan ara wọn. Nínú ìwé ti tẹ́lẹ̀, Ọlọ́runfẹ́mi àbúrò mi ni mo yàn sí ipò yìí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí mo fi yọ ọ́, kó fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀.

ÌPÍN KEJÌ. Ilé Dadin Kowa, yàrá mẹ́rin pẹ̀lú kànga àti igi píà tó wà lẹ́yìn rẹ̀, di ti Theresa ìyàwó mi, ọmọ Berom láti Jos níbí, títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, kó di ti Ọláṣùmbọ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí bá ti Ìjerò wá sọ pé ọmọ Berom kò lè jogún ọmọ Èkìtì, kí Matthias fún un lómi mu, kó sì sìn ín dé garéèjì. Theresa, tọkàntọkàn ni mo fi fún ọ nílé yìí. Inú ń bí mi sí ọ, ṣùgbọ́n ìyẹn kò yí i padà.

ÌPÍN KẸTA. Ṣọ́ọ̀bù ìyàwòrán mi tó wà ní Àpáta ní Jos, tí Ọlọ́runfẹ́mi ń lò láti ọdún 2012, kì í ṣe tirẹ̀. Mo fi sí ìkáwọ́ rẹ̀ ni. Mo fi ṣọ́ọ̀bù náà fún Ànú, ọmọ Ọláṣùmbọ̀.

Bàbá wa, olùkọ́ tí ìjọba gbé wá sí Plateau lẹ́yìn òmìnira, kú nígbà tí Ọlọ́runfẹ́mi wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá. Èmi ni mo tọ́ ọ. Èmi náà ni mo kọ́ ọ ní iṣẹ́ fọ́tò, láti orí fífọ fíìmù títí dé orí gígé pásípọ́ọ̀tù kí etí rẹ̀ má wọ́. Nígbà tí ayé pa fíìmù tì, àwa méjèèjì la jọ lọ ra kámẹ́rà dígítà àkọ́kọ́ mi. Oníṣọ́ọ̀bù gbé méjì síwájú wa, ńlá kan àti kékeré kan. Ńlá ló wọ̀ mí lójú. Ọlọ́runfẹ́mi ní: “Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò lórí fíìmù, kékeré ló yẹ ẹ́. Bọ́tìnnì rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi owó tó kù ra lẹ́ńsì tó dáa.” Ìmọ̀ràn rere ni. Mo ṣì gbà bẹ́ẹ̀ títí dòní, ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Mo ra kékeré náà, mo gbé e sójú níwájú ṣọ́ọ̀bù, mo sì rí ọjà Terminus kedere, títí dé orí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn obìnrin kan tó ń kọjá.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo gbé e lọ síbi ìgbéyàwó kan ní Anglo Jos. Mo fi ojú sí i, kùrukùru ni mo rí. Mo nu ojú mi, mo nu lẹ́ńsì, kùrukùru náà ni. Ọwọ́ ni mo fi ń yí lẹ́ńsì bí mo ti ń ṣe láti ọgbọ̀n ọdún, nítorí náà ohun tí ojú mi kò rí, kámẹ́rà kò rí i. Nínú irínwó àwòrán, a kò rí mẹ́wàá tí ojú ìyàwó hàn dáadáa. Ìyá ìyàwó sunkún níwájú mi. Ọlọ́runfẹ́mi ti fi kámẹ́rà tirẹ̀ ya àwòrán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tirẹ̀ sì mọ́ gaara. Òun ló bo ìtìjú mi. Mo kúnlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, mo gbàdúrà fún un.

Nọ́ọ̀sì tó yẹ ojú mi wò sọ pé fún ẹni ọjọ́ orí mi, ó dára. Ọlọ́runfẹ́mi ní: “Ẹ̀gbọ́n, lẹ́tà ara ògiri ni wọ́n fi ń dán yín wò. Ṣé lẹ́tà ara ògiri lẹ máa ń yà ni?” Mo gba ọ̀rọ̀ àbúrò mi ju ti nọ́ọ̀sì lọ. Mo kó kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù fún un. Ọjọ́ ìsinmi mẹ́ta ni ṣọ́ọ̀ṣì wa fi gbàdúrà fún ojú mi.

ÌPÍN KẸRIN. Kámẹ́rà tí mo rà fún Ànú ní oṣù kẹta ọdún yìí ti di tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má kà á mọ́ ogún.

Ó ti wọ yunifásítì, ó fẹ́ kọ́ṣẹ́ fọ́tò, ó sì ní kí n bá òun yan èyí tó yẹ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù Taofeeq tó ń ta kámẹ́rà, ẹnu nìkan ni mo fi yàn án: má ra orúkọ, ra èyí tó bá àtẹ́lẹwọ́ rẹ mu, bí ó bá jẹ́ àlòkù, béèrè iye àwòrán tí wọ́n ti fi yà, kámẹ́rà kékeré tó ní lẹ́ńsì dáadáa sàn ju ńlá tó ní lẹ́ńsì jákujàku. Ànú ní: “Bàbá àgbà, ẹ fojú ara yín wò ó, ẹ jọ̀wọ́, don Allah.” Mo ní ojú mi ti lọ. Ó gbé e lé mi lójú tipátipá. Kùrukùru àtijọ́ ni mo bá pàdé. Mo ní, “Ṣé o rí i?” Taofeeq bú sẹ́rìn-ín: “Haba, Baba! Ojú yín kọ́.” Ó na àtàǹpàkò, ó yí kẹ̀kẹ́ kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ń fi ojú sí, kò tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ. Lẹ́tà ara pátákó tó wà lódìkejì títì bẹ̀rẹ̀ sí jáde sí mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní olúkúlùkù ló ń yí i dé ibi tó bá ojú rẹ̀ mu. Kámẹ́rà onífíìmù mi kò ní irú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi hàn mí rí.

Mo délé, mo gbé kámẹ́rà ọdún 2012 jáde nínú àpótí. Kẹ̀kẹ́ náà wà lára rẹ̀. Ẹnìkan ti yí i dé òpin, ó sì fi téèpù dúdú lẹ̀ ẹ́ kó má lè yí padà. Téèpù náà kò tó èékánná, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gún régé. Mo mọ ọwọ́ tó gé e. Èmi ni mo kọ́ ọwọ́ náà.

Bí mo ti ń ṣí i lọ́wọ́ ni Theresa wọlé. N kò tíì sọ nǹkan kan tó fi bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ pé òun náà mọ̀. Ó ní òun rí i ní ọdún kejì, níbi tí òun ti ń nu eruku. Ó bi Ọlọ́runfẹ́mi, ìyẹn sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún mi. Ní ọdún 2008 tí Jos dàrú, tí mo wà ní Ìjerò, Ọlọ́runfẹ́mi ló gba àárín iná kọjá lọ kó òun, Ọláṣùmbọ̀ àti Ànú tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta jáde. “Ẹ̀mí mi ló gbà là,” Theresa wí. “Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi tú u fó?” Ó yé mi, Theresa. Ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlá ni o fi ń gé kárọ́ọ̀tì sínú àwo mi láràárọ̀, tí o ń sọ pé kí n jẹ ẹ́ nítorí ojú mi.

ÌPÍN KARÙN-ÚN. Ọlọ́runfẹ́mi ni ó ni iná ìyàwòrán, kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó rà sínú ṣọ́ọ̀bù. Kó kó wọn jáde láàárín oṣù mẹ́fà. Kí ẹnikẹ́ni má lé e ṣáájú ìgbà náà, kí ẹnikẹ́ni má sì bú u.

Mo ránṣẹ́ pè é. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní: “Ìgbéyàwó kan ṣoṣo ni mo ní lọ́kàn, Ẹ̀gbọ́n. Mo ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta nígbà náà, wọ́n ṣì ń pè mí ní ọmọṣẹ́ yín. Mo fẹ́ kí wọ́n rí iṣẹ́ tèmi lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ẹ wá fún mi ní kọ́kọ́rọ́, tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń gbàdúrà, n kò rí ọ̀nà padà mọ́.” N kò mọ̀ pé ó ń dùn ún. N kò béèrè rí, mo jẹ́wọ́ èyí. Ká ní ó sọ fún mi ni, ǹ bá pín ṣọ́ọ̀bù náà sí méjì. Àmọ́ láti ìgbà tí Ànú ti pé ọmọ ọdún méje títí ó fi di mọ́kàndínlógún, kò sí àwòrán rẹ̀ kan tó tọwọ́ mi jáde. Ìyá wa kú láàárín ọdún wọ̀nyẹn. Ọlọ́runfẹ́mi ló yà á kẹ́yìn, èmi di àga mú fún un kó lè gùn ún.

ÌPÍN KẸFÀ. Gbogbo fíìmù àtijọ́ mi, àpótí mẹ́rìnlá, di ti Ọláṣùmbọ̀. Kó má jẹ́ kí òjò kàn wọ́n. Tòlótòló mẹ́ta di ti Matthias, ẹni tí wọ́n ti jẹ ẹ̀fọ́ ọgbà rẹ̀ tó.

ÌPÍN KEJE. Kí ìsìnkú mi má kọjá ọjọ́ kan. Ànú ni kó ya àwòrán rẹ̀. Bí omijé bá bo ojú rẹ̀, kí gbogbo yín dúró dè é. Kí wọ́n gbé àga fún Ọlọ́runfẹ́mi níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Theresa, nítorí n kò ní àbúrò mìíràn. Lónìí tí mo ń fọwọ́ sí ìwé yìí, n kò tíì dárí jì í. Mo ti bá agbẹjọ́rò ṣàdéhùn pé ní ọjọ́ tí mo bá dárí jì í, n ó wá kí a tún ìwé yìí kọ, kí a sì yọ gbólóhùn yìí kúrò. Bí ẹ bá ṣì bá a níbí, ẹ má bi ara yín léèrè. Mo gbìyànjú.

Mo fọwọ́ sí i ní Jos, ní ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kọkànlá, ọdún 2024.

Julius Ọláwándé Fámúrewá

Níṣojú àwa méjèèjì ni ó fọwọ́ sí i. A kò jogún ohunkóhun nínú rẹ̀:

Taofeeq Akínlàbí, oníṣọ́ọ̀bù kámẹ́rà
Tẹjú Ọládoyè, nọ́ọ̀sì tó yẹ ojú rẹ̀ wò