A Jẹ Àwọn Ará Santa Rosa Ní Túbà Kan

San Mateo Yaguiche,
Ọjọ́bọ̀.

Maurilia ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé o ń jẹun lásìkò, ṣé afẹ́fẹ́ ìlú ńlá yẹn kò tíì kó ikọ́ bá ọ? Àwa náà wà bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ká wà. Màríà Mímọ́ á máa fi aṣọ rẹ̀ bò ọ́, Matiu Mímọ́ tó ni ìlú wa kò ní gbàgbé orúkọ rẹ, ọ̀nà tí o ń gbà lọ sí ibi iṣẹ́ kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Àmín. Wá àga kan jókòó kí o tó ka ìyókù, torí èmi fúnra mi kò tíì rí ara gbé kalẹ̀ láti Ọjọ́ Ìsinmi.

Kì í ṣe pé ẹnì kan kú o. Àgbàdo ti yọ ọmọ, ẹ̀wà náà ń ṣe dáadáa, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Ìyá Tirsa bímọ, ó bí akọ. Bàbá rẹ wà. Eyín tó kù fún un níwájú ti lọ, àgbàdo sísun ló gbé e lọ, mo sì ti sọ fún un pé kó máa fi ọ̀bẹ gé e, ṣé ó máa ń gbọ́ tèmi ni?

Ǹ bá ti bá ọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo sì gbìyànjú. Mo gun òkè ibi ìsìnkú lọ, níbi tí fóònù ti máa ń gbọ́ràn, mo pè ọ́, obìnrin kan ló gbé e. Mo kí i, mo béèrè àlàáfíà ilé rẹ̀, kò dáhùn, ó ṣáà ní o kò sí nítòsí, kí n sọ ohun tí mo bá fẹ́ sọ. Mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, ó pa fóònù mọ́ mi lẹ́nu láàárín ọ̀rọ̀. Mo tún pè, ó tún bẹ̀rẹ̀ látòkè bí ẹni tí kò gbọ́ ohùn mi rí. Ta ni obìnrin yẹn, Maurilia? Bó bá jẹ́ pé ẹ jọ ń gbé ni, sọ fún un pé ìyá rẹ ni mí, pé wọ́n máa ń kí àgbà. Mo mọ̀ pé kò ní jíṣẹ́ mi ni mo ṣe mú bírò.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ yìí náà ti kó mi sí wàhálà. Ìwọ lo sọ fún mi nígbà tí o wálé gbẹ̀yìn pé àwọn ọmọ yunifásítì tó ń kọ́ orin máa ń wọlé tọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á sunkún, wọ́n á sọ ohun tí wọn ò lè sọ fún olùkọ́ wọn, ìwọ á wá sọ ohun tí wọ́n máa ṣe fún wọn, wọ́n á sì lọ ṣe é. Mo ní háà, ìjẹ́wọ́ nìyẹn. Bí mo ṣe sọ ọ́ fún àwọn obìnrin ìjọ nìyẹn, pé ọmọ mi ló ń gbọ́ ìjẹ́wọ́ àwọn olórin ní Oaxaca, wọ́n sì ń bọ̀wọ̀ fún mi, àfi ìgbà tí Fáda gbọ́, tó ránṣẹ́ pè mí pé ta ló fún ọ láṣẹ. Mo ní ìjọba ni. Ó ní òun á bá bíṣọ́ọ̀bù sọ̀rọ̀. Bí bíṣọ́ọ̀bù bá yọjú sí ọ́fíìsì rẹ, fún un ní àga, fún un ní kọfí, má bá a jiyàn. Ohun tí kò tíì yé mi ni èyí tí Tirsa, ọmọ ìlú wa tó ń kọ́ orin lọ́dọ̀ yín, sọ, pé kì í ṣe àdúrà ni o máa ń ní kí wọ́n lọ gbà, pé kíláàsì lo máa ń ní kí wọ́n lọ tún ṣe. Ìyẹn mà le ju àdúrà lọ.

Tirsa yìí gan-an ló sọ mí di aláìsùn. Ó wọ bọ́ọ̀sì wálé lọ́jọ́ Sátidé, ó ní ìwọ lo ní kó wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún ìlú, kó má sọ ọ́ lórí fóònù. Mo ní ìyẹn dára, ọmọ tí mo kọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn ìsìn Ọjọ́ Ìsinmi, ó dúró níwájú gbogbo wa, ó ní ọjọ́ àjọ̀dún ìlú Santa Rosa gan-an ni ọjọ́ tí òun máa fun túbà, fèrè idẹ ńlá rẹ̀ yẹn, níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, pé òun ti pa ìdánwò kan jẹ lọ́dún tó kọjá nítorí àjọ̀dún tiwa níhìn-ín, ìwọ lo sì bá òun bẹ̀bẹ̀ nígbà yẹn, pé bí òun bá tún pa èyí jẹ, wọ́n á yọ orúkọ òun, ìwọ náà kò sì ní lè ṣe nǹkan kan mọ́. Ó ní òun kò ní lè bá ẹgbẹ́ olórin wa lọ sí Santa Rosa.

O mọ bí ọ̀rọ̀ àwa àti Santa Rosa ṣe rí. Àwọn èèyàn yẹn gun òkè wá bá wa lọ́dún tó kọjá nínú òjò, wọ́n gbé túbà wọn kọ́rùn, wọ́n fun ún títí ètè wọn fi wú, wọn ò gba pésò kan. Oúnjẹ wa ni wọ́n jẹ, ilẹ̀ wa ni wọ́n sùn sí. Orin la fi ń san orin, kilarinẹ́ẹ̀tì fún kilarinẹ́ẹ̀tì, túbà fún túbà. Bí a bá dé ọ̀dọ̀ wọn láìní túbà, wọn ò ní bú wa. Wọ́n á fún wa ní àga, wọ́n á bu ọbẹ̀ mole tó kún abọ́ fún wa, wọ́n á máa wo ẹ̀yìn wa bóyá túbà ṣì ń bọ̀. Tó bá wá di ọdún Matiu Mímọ́ tiwa, kò ní sí ẹgbẹ́ olórin kankan tó máa gun òkè wá.

Ọ̀gá Filogonio tó ń darí ẹgbẹ́ wa ní kí a fara balẹ̀. Ó ní ṣebí túbà kan láti San Mateo ni yunifásítì ń béèrè, a ó fún wọn ní túbà kan láti San Mateo. Kí Tirsa bá ẹgbẹ́ lọ, kí bàbá rẹ tó ń fun túbà tẹ́lẹ̀ lọ ṣe ìdánwò. Gbogbo ìlú pàtẹ́wọ́. Bàbá rẹ dìde, ó ṣí fìlà, ó ní òun gbà, òun ò mọ ìwé ṣùgbọ́n òun mọ orin. Mo ti ń ro èwo ni màá fọ̀ nínú ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Tirsa ní àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n mọ ojú òun. Bàbá rẹ ní kí ni ti ojú níbẹ̀, ṣé ojú ni wọ́n fi ń fun túbà ní Oaxaca? Ó ní látìgbà tí òun ti dáyé, kò sí ìlú tó dá túbà wa padà rí pé kì í ṣe ẹni tó fun ún lọ́dún tó kọjá ló wá. Tirsa rẹ́rìn-ín, ló bá bú sẹ́kún. Ó wá sọ fún un jẹ́jẹ́ pé, Bàbá, ẹ ò mà léyín níwájú mọ́. Bàbá rẹ jókòó.

Ni Ìyá Tirsa bá gba ọ̀rọ̀ náà, ohùn rẹ̀ sì máa ń lọ jìnnà. Ó ní ta ló ní kí ọmọ òun má lọ, ṣé kì í ṣe ọmọ Obdulia ni, ọmọ tí gbogbo wa jọ gbé pọ̀n, òun ló wá di ọba lé wa lórí láti inú ọ́fíìsì. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Maurilia, ilẹ̀ ò lanu ni. Ọ̀gá Filogonio wò mí, kò pariwo, ó ní:

“Ẹni tó bá di olórin ìlú mú, òun náà ló máa dúró sí àyè rẹ̀. Àbí Maurilia kì í fun túbà mọ́?”

Mo dìde. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo ní:

“Ó ń fun ún. Á wá.”

Bí mo ṣe ṣèlérí lórí rẹ nìyẹn, láì bi ọ́ léèrè. Ìgbà tí a ń tú ká ni Tirsa fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní túbà tí bàbá rẹ fi màlúù méjèèjì rà fún ọ wà ní igun ọ́fíìsì rẹ, ó lanu sókè, o gbin òdòdó sí ẹnu rẹ̀. Ó ní ó rẹwà. Ó ní àwọn ọmọ máa ń bi ọ́ bóyá o mọ̀ ọ́n fun, wàá rẹ́rìn-ín, wàá bi wọ́n léèrè kíláàsì wọn. Ìwọ tó ń tọ́ gbogbo olórin sọ́nà, ta ló ṣẹ̀ ọ́ tí ìwọ ò fi fun túbà mọ́? Mi ò sọ fún bàbá rẹ. Ẹ̀rù ń bà mí pé o ò ní wá, ẹ̀rù sì tún ń bà mí pé wàá wá, ètè rẹ ò ní gbọ́ràn mọ́ níwájú àwọn ará Santa Rosa, mi ò wá mọ èyí tí mo fẹ́ gbàdúrà sí nínú méjèèjì.

Mi ò ní kí o fi Tirsa sílẹ̀ o. Dì í mú. Ìyá rẹ̀ ń bínú lójú wa, ṣùgbọ́n ó ti ń sọ lẹ́yìn pé ọmọ òun ń lọ bá àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Tirsa ní lọ́jọ́ ìdánwò, ẹnu ọ̀nà lo máa ń jókòó sí, o máa ń fún àwọn tó bá sunkún jáde ní omi àti áńkáṣíìfù. Kí obìnrin inú fóònù rẹ bá ọ ṣe ìyẹn, kò jọ ẹni tó níṣẹ́ kankan. Ní ti ọ̀gá rẹ, mo ti fi tòlótòló kan rán Tirsa sí i, láti fi tọrọ àyè fún ọ. Tí o kò bá tíì rí i, ilé tí àwọn ọmọ yẹn ń gbé ló wà, ojú ń ti Tirsa láti gbé e wọ yunifásítì. Láàyè ni kó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá, òkú tòlótòló kì í tọrọ àyè.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, ọmọ mi, ká fi ra okùn tuntun tí wọ́n fi ń gbé túbà kọ́rùn àti òróró ẹ̀rọ rẹ̀, torí ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni bàbá rẹ fi pa túbà ìlú, àwọn èèrà ti mọ ọ̀nà ibẹ̀. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni kí o fún. Má fi í sínú ẹ̀rọ ara ògiri tó wà ní báńkì ìsàlẹ̀, ó ti gbé káàdì Ọ̀gá Filogonio mì, gbogbo ọjọ́ ọjà la máa ń lọ wò ó bóyá ó ti pọ̀ ọ́.

Ìlù ni bàbá rẹ ń lù láti Ọjọ́ Ìsinmi. Ìlù ńlá ẹgbẹ́ ni wọ́n gbé fún un nígbà tí kò lè fun nǹkan mọ́. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló máa ń gbé e jáde sí àgbàlá, á máa lu àwọn orin tí a máa gbé lọ sí Santa Rosa. Tó bá dé ibi tí túbà ti máa ń wọlé, á gbé ọwọ́ sókè, á dúró, á jẹ́ kí gbogbo àyè rẹ̀ kọjá, kó tó máa bá a lọ. Kò bi mí bóyá wàá wá. Lánàá tó ń lù ú, mò ń ṣe tortíyà àgbàdo, mo rí i pé ọwọ́ tèmi náà dúró níbẹ̀, ìyẹ̀fun wà lọ́wọ́ mi, mò ń retí rẹ.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní èémí.

Èmi ni, ìyá rẹ,
Obdulia.