Ẹ̀kọ́ Ilé Kò Jẹ́ Kí N Mú Báírò

Màámi, ẹ kú ilé, ẹ kú ojú lọ́nà mi. Ara mi le koko ní Bìní níbí, ẹ má ṣàníyàn.

Àmọ́ ẹ̀kọ́ ilé tí ẹ kọ́ mi yìí ti sú mi! Ẹ ní bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, kí ọmọ káwọ́ sẹ́yìn, kó tẹ́tí. Bí mo ṣe ń dúró níwájú ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì wa nìyẹn, torí bàbá àgbàlagbà ni. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀ láti ọ́fíìsì rẹ̀ lókè, ìdajì ọ̀rọ̀ ti fò lọ. Ó pariwo títí: “You no get biro?” Mo ra báírò, mo ra ìwé. Bó bá tún ti lanu, ọwọ́ mi á gba ẹ̀yìn lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní kí n tún gbọ̀ngàn ṣe de àlejò Ọjọ́bọ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, Ọjọ́ Ẹtì ló kù nínú orí mi. Àwọn àlejò bá wa lẹ́nu ilẹ̀ gbígbá. Ọ̀gá ò tiẹ̀ pariwo mọ́. Ó kàn ní kí n lọ sinmi díẹ̀. Ó kúkú ti rẹ̀ mí tẹ́lẹ̀.

Mo ti wá mọ̀ ọ́n kọ báyìí o! Gbogbo ohun tí ìyá onílé mi níbí bá ti sọ ni mò ń kọ sílẹ̀, ó ti ń bí i nínú.

Ẹ bá mi kí bàámi àti Iredélé àbúrò mi. Ẹ má dárúkọ ìsinmi fún wọn. Tí ẹ bá fẹ́ pè mí, ẹ má dúró dalẹ́ mọ́. Ọ̀sán gangan, mo máa gbé e.

Èmi ni,
Èyítọ́pẹ́ yín.