Aṣọ Ọmọdé Lórí Okùn

Màámi, ọmọ yín Nùréènì ló dọ̀bálẹ̀ láti Òrégùn o. Ara le, alihamudulilahi. Ikọ́ yẹn náà ti ń rọlẹ̀.

Mi ò sanwó ilé mọ́! Iléeṣẹ́ tó ń yọ́ bátìrì ògbólógbòó ló fún mi ní yàrá lẹ́yìn ọgbà wọn, wọ́n tún ń sanwó fún mi lé e. Kí n ṣáà máa gbébẹ̀ niṣẹ́ mi. Èéfín ti lé àwọn ayálégbé lọ tán, bí ìjọba bá sì wá yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n gbọ́dọ̀ bá èèyàn níbẹ̀, kó lè jọ pé èéfín náà ò pa ẹnikẹ́ni lára. Màníjà ní owó mi ò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹ̀rọ tó ń sẹ́ èéfín.

Láràárọ̀ ni mò ń sá aṣọ sórí okùn: tèmi, àti aṣọ ọmọdé tí mo bá nínú yàrá. Mi ò mọ ọmọ tó ni wọ́n. Ṣùgbọ́n tí mo bá ń ká wọn nírọ̀lẹ́, kódà lọ́jọ́ tí oòrùn ò ràn, ṣe ni wọ́n ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ wọn lára ọmọ ni. Àárẹ̀ ni, ẹ má mikàn.

Lánàá, màníjà ní aṣọ nìkan ò tó mọ́. Ó bi mí bóyá mo bímọ. Mo ní rárá. Tí ẹnikẹ́ni bá pè yín, Màámi, ẹ jọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ wí.

Ẹ bá mi kí Hassanat ìyàwó yín. Tí Abdulhakeem bá ń sunkún bàbá ẹ̀, ẹ ṣáà gbé e pọ̀n.