Ẹ̀jẹ̀ Ọrùn-Ọwọ́ Síkírá

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àtijọ́. Mo mọ̀ pé òkú kì í ka lẹ́tà, ẹ̀yin gan-an kò sì kàwé nígbà tí ẹ wà láyé. Èmi ni mo máa ń ka lẹ́tà tó ń ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá fún yín, tí ẹ ó ní kí n tún ibi ìkíni kà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ jẹ́ kí n ka èyí náà fún yín.

Síkírá ṣàìsàn. Ẹ má fòyà, ó ti ń jẹun. Àbúrò mi tí ẹ fi sílẹ̀ nígbà tó ṣì ń wọ bàtà lódì ti ga jù mí lọ báyìí, tó bá sì ń fi Faransé bínú, mi ò kì í gbọ́ ìdajì ohun tó ń sọ. Òùngbẹ ló kọ́kọ́ ń gbẹ ẹ́. Ó ń mu omi, ó ń tọ̀, ó sì ń rù. Mo ní ooru ni, mo ń bá a wí pé kó yé rìn kiri àdúgbò wa ní Akébé lọ́sàn-án gangan. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo lọ jí i, mo bá a tó ń mí. Mímí yẹn, Ìyá mi. Ó jìn, ó yára, kò dáwọ́ dúró, bí ẹni tó ru ẹrù gun òkè tí kò rí ibi sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Láti ìgbà àìsàn tó mú yín lọ, mi ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè di gèlè.

Bàbá ti kó ọjà lọ sí Port-Gentil. Ìyá Àlí, ọ̀rẹ́ yín tó ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ yín, ló bá mi gbé e wọ takisí dé ọsibítù. Dókítà gbọ́ àyà rẹ̀, ó mi orí. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀dọ̀fóró ló ń yọ ọ́ lẹ́nu tàbí ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ìgúnpá ló fẹ́ o. Èyí tó ń lù ní ọrùn ọwọ́ ni, èyí tó ń ti ọkàn bọ̀ tààrà. Ìyá Àlí bá na ọwọ́, ó bo ọrùn ọwọ́ ọmọ náà.

"Ibi tó ń lù yẹn, ẹ̀mí ló wà níbẹ̀. A kì í gún ẹ̀mí lábẹ́rẹ́."

Bóyá ohun tí ẹ̀yin náà ì bá sọ nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń di ọrùn ọwọ́ wa mú nígbà ibà, tí ẹ kò ní sùn tí kò bá tíì rọ̀. Dókítà ń wò mí. Èmi ni àgbà. Mo gbé ọwọ́ Ìyá Àlí kúrò níbẹ̀ jẹ́jẹ́, mo ní kí dókítà gún un.

Ẹ̀jẹ̀ náà pupa, ó fúnra rẹ̀ ń gun abẹ́rẹ́ wá. Nọ́ọ̀sì dé e kí afẹ́fẹ́ má wọ̀ ọ́, ó tẹ̀ ẹ́ sínú omi dídì, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré lọ sí yàrá tí ẹ̀rọ tuntun wà. Ẹ̀rọ náà ló ń sọ bí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó àti bí ẹ̀jẹ̀ ṣe kan tó. Mo rò pé ògì nìkan ló ń kan. Ẹ̀dọ̀fóró Síkírá mọ́ tónítóní. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló kan, nítorí àtọ̀gbẹ ni, ṣúgà kún inú rẹ̀ tí ara kò lè lò ó, mímí yẹn ni ara fi ń lé kíkan náà jáde. Wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ ínsúlínì, wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n ní kò gbọdọ̀ fi ohun dídùn kan ẹnu. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ń mí bí èèyàn.

Inú mi dùn, inú mi sì bàjẹ́. Ṣé ẹ rántí ọ̀sẹ̀ òmìnira, tí àìsàn dá yín dùbúlẹ̀? Àsíá wà níbi gbogbo, àwọn èèyàn wa ń ti ibi àríyá yà wá kí yín, a kì í sì í lọ kí aláìsàn lọ́wọ́ òfo. Limonádì, ọtí ẹlẹ́rìndòdò inú ìgò nì, àti ṣúgà oníhóró ni wọ́n ń gbé wá. Ẹ kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni padà láìjẹ́ pé ẹ tọ́ ohun tó mú wá wò lójú rẹ̀. Àwa ń dúpẹ́ pé ó kéré tán, ẹ ń mu nǹkan. A ń fi àdí pa yín láyà, a ní òtútù ni. Ṣé ó dùn lẹ́nu yín ni, àbí nítorí ojú wa lẹ ṣe ń mu ún? Ṣé ẹ mọ̀ pé kò bá yín lára mu? Àrùn là á wò, a kì í wo ikú, àìsàn náà sì ti wà lára yín kí ìgò kankan tó wọlé. Mo mọ̀. Síbẹ̀ ó ń dùn mí. Kò sí ẹ̀rọ nígbà náà, kò sẹ́ni tó wo ẹ̀jẹ̀ yín, a sì fi ìfẹ́ pọ́n yín lójú.

Ìyá Àlí ló mú tirẹ̀ wá jù. Ìrọ̀lẹ́ gbogbo ló ń dé, òun ló ń gbé orí yín sókè kí ẹ lè mu. Ní ọjọ́ tí Síkírá dìde jókòó, Ìyá Àlí wá bá mi lórí bẹ́ńṣì níta. Gbogbo ohun tí dókítà sọ, ó gbọ́ ọ. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórúnkún.

"Ọmọ mi, ṣé ohun tó ṣe ìyá yín náà nìyí?"

Òótọ́ korò, Ìyá mi, obìnrin náà sì ti darúgbó. Kò tíì kírun kan kó má dárúkọ yín nínú àdúrà.

"Rárá, mà. Àyà ló ṣe Ìyá mi."

Ó mí kanlẹ̀, ó ní àlùhámúdùlíláì. Tí mo bá ṣe ohun tí kò dáa, èmi ni kí ẹ bínú sí. Lọ́jọ́ tí òun náà bá dé ọ̀dọ̀ yín, tó sì tún bi yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ pé àyà ni.

Èmi àkọ́bí yín,
tí àárò yín kò jẹ́ kó gbádùn.