Fírídọ́ọ̀mù Àwọn Ọmọ-Ẹ̀yìn ní Ìlàrè

Bàbá mi àtàtà,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé kò sí àìsàn níbi tí ẹ wà, nítorí náà n kò ní bi yín bóyá orúnkún òsì yín ṣì ń dùn yín. Ìròyìn ayọ̀ ni mo mú wá. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ọ́ fún, torí mo mọ̀ pé ẹ óò fi mí rẹ́rìn-ín dáadáa kí ẹ tó bá mi yọ̀.

Ẹ ò gbàgbé pé ọwọ́ mi ni kíláàsì àwọn ọmọ-ẹ̀yìn bọ́ sí lẹ́yìn tí ẹ sùn nínú Olúwa. Ọdún kẹrin rèé. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, mo máa ń gun ọ̀kadà láti àdúgbò Mayfair wá sí Ìlàrè nínú Ifẹ̀ níbí, sínú yàrá kékeré ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, láti kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Jésù bí wọn yóò ṣe máa gbàdúrà, bí wọn yóò ṣe máa ka Bíbélì, àti bí àwọn náà yóò ṣe mú ẹlòmíràn wá. Ohun kan ṣoṣo ló ń dẹ́rù bà mí: kí kíláàsì tí ẹ fi ọgbọ̀n ọdún tọ́jú má lọ ṣófo mọ́ mi lọ́wọ́. Mo máa ń ka iye orí tó wà níbẹ̀ kí n tó gbàdúrà. Bí wọ́n bá pé mẹ́jọ, ọkàn mi á balẹ̀. Bí wọ́n bá ku mẹ́fà, oúnjẹ ò ní lọ lọ́fun mi títí di ọjọ́ Ajé.

Bírìkìlà ni yín, akọ̀wé yunifásítì ni èmi, iṣẹ́ ọ́fíìsì sì wọ̀ mí lẹ́wù. Mo tẹ ìwé. Mo fún oníkálukú ní fáìlì. Mo ṣe ìdánwò, mo máàkì í. Ẹni tó bá parí ẹ̀kọ́ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, màá tún dá a padà sí ẹ̀kọ́ kìíní, pé kó lè fẹsẹ̀ múlẹ̀ sí i. Màmá Wúrà, tó ń tọ́jú ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kámpọ́ọ̀sì, ti ka ẹ̀kọ́ náà yípo lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó bẹ̀ mí títí pé kí n jẹ́ kí òun máa kọ́ àwọn obìnrin tí àwọn jọ ń gbálẹ̀. Mo ní kó ṣe sùúrù. Kì í kúkú ṣe pé mo burú. Obìnrin yìí ló sọ ọ́ lójú gbogbo kíláàsì pé Jónà ló kan ọkọ̀ Nóà! Ta ni yóò tú irú ẹni bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ síta?

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, táyà ọ̀kadà tó gbé mi jò lọ́nà, òjò sì tún dé. Nígbà tí mo fi máa dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti lé ní wákàtí kan tó yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ ẹ̀rín nínú yàrá wa. Mo yọjú lójú fèrèsé: Màmá Wúrà ló dúró níwájú, tó ń fi èdè Ifẹ̀ ṣàlàyé àdúrà fún wọn, láìsí bébà kan lọ́wọ́. Bàbá Àkànní, àgbẹ̀ tó ti lo ọdún méjì lọ́dọ̀ mi tí kò la ẹnu rí àfi láti yán, ló ń gbàdúrà sókè, tó ń dárúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kí n má purọ́ fún yín, inú bí mi. Owú ló ń jẹ mí. Mo wọlé.

“Ẹ má bínú, sìsítà,” ni Màmá Wúrà wí, ó sì ti ń sá kúrò níwájú. “A rò pé òjò ò ní í jẹ́ kí ẹ wá ni.”

Oníkálukú wá ṣí fáìlì rẹ̀. Bàbá Àkànní pa ẹnu rẹ̀ dé. Yàrá náà tutù wọ̀ọ̀, èmi ni mo sì mú un tutù. Ojú tì mí, Bàbá mi.

Lọ́jọ́ yẹn ni mo rántí bí ẹ ṣe máa ń ṣe níbi iṣẹ́, nígbà tí mo bá gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fún yín. Ẹ ó dojú páànù tí wọ́n fi ń ru kọnkéré délẹ̀, ẹ ó jókòó lé e, ẹ ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àárín itan kí ọwọ́ náà má baà sáré lọ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ-iṣẹ́. Mo rí ọjọ́ tí Táyé, ọmọ-iṣẹ́ yín, mọ ògiri rẹ̀ àkọ́kọ́, tó tẹ̀ bí ẹni tó mu ẹmu. Ẹ rí i, ẹ sì ń jẹ àgbàdo yín lọ. Ìgbà tó parí lẹ ní kó wò ó fúnra rẹ̀. Ó wò ó, ó wó o, ó tún un mọ. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ẹ ṣe fírídọ́ọ̀mù fún un, ó di ọ̀gá. Ṣé ọwọ́ yín kì í yún yín ni? Ṣé bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe ń ṣe ní kíláàsì? N kò mọ̀, torí n kò jókòó níbẹ̀ rí nígbà tí ẹ wà láyé. Mo rò pé ẹ̀kọ́ àwọn tí ò kàwé ni. Ẹ foríjì mí.

Bàbá, mo ṣe fírídọ́ọ̀mù fún àwọn ọmọ kíláàsì! Gẹ́gẹ́ bí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe ń ṣe é gan-an, mo ní kí wọ́n mú ẹbí wọn wá. Àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kúnlẹ̀, pásítọ̀ gbàdúrà, a jẹ ìrẹsì, a mu mínírà, a ya fọ́tò. Kí n tó tú ẹnikẹ́ni sílẹ̀, mo ní kó dárúkọ ibi tí òun náà yóò ti máa kọ́ ènìyàn. Màmá Wúrà ní ẹ̀yìn ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni. Bàbá Àkànní ní abà òun ni. Ọmọbìnrin aránṣọ kan ní ṣọ́ọ̀bù òun ni, kí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run máa bá ẹ̀rọ lọ. Nígbà tó kan Màmá Wúrà láti dìde, ó dì mọ́ mi, ó sunkún sí mi léjìká, èmi náà sì sun tèmi.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo dé yàrá wa, mo jókòó. Bí mo ṣe máa ń ṣe, mo ka orí. Kò sí ẹyọ kan. Mo dúró kí ẹ̀rù bà mí. Kò bà mí. Fóònù dún: Bàbá Àkànní ni. Ènìyàn mọ́kànlá ló wà ní abà rẹ̀, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n jókòó sí, ṣé mo lè wá àga fún un? Mo ní kó rán ọkọ̀ wá. Gbogbo àga kíláàsì yín ni mo bá wọn kó sínú ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo jó yí yàrá náà ká, èmi nìkan, torí ààyè ti wà dáadáa. Kíláàsì ti ṣófo mọ́ mi lọ́wọ́, Bàbá mi. Ẹ bá mi yọ̀.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin tó pẹ́ kó tó gbọ́n, tó sì fẹ́ràn yín lónìí ju àná lọ.