Ohun Tí O Sọ Nípa Káfíńtà Nínú Rédíò

Ọmọ mi, lọ́yà mi,

Ṣé dáadáa ni o jí, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé àtẹ̀gùn tí o máa ń gùn dé yàrá rẹ kò tíì dá ọ lẹ́sẹ̀? Àwa wà níbí, ara wa yá, a ń jẹun, a ń sùn, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ọ lójoojúmọ́ pé ìjókòó tí o bá jókòó sí kò ní gbóná mọ́ ọ, ẹni tí o bá sì dìde fún kò ní fojú kéré rẹ. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní kí n yáa kọ ọ́ sí òkè lẹ́tà, torí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi báyìí, mi ò ní rántí ìkíni ẹnikẹ́ni mọ́.

Orúnkún ìyá rẹ ti ń gbọ́ràn díẹ̀. Ewúrẹ́ wa tó sọnù ti dá ara rẹ̀ padà wálé, kò sọ ibi tó lọ fún ẹnikẹ́ni. Òrùlé ṣọ́ọ̀bù tó ń jò, mo ti ní kí wọ́n tún un ṣe, ó wá ń jò níbòmíràn báyìí, ṣùgbọ́n ibẹ̀ jìnnà sí máṣíìnì, nítorí náà a lè sọ pé ó sàn.

Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ kí n jókòó kọ̀wé ni ọ̀rọ̀ rédíò. Láti ìgbà tí o ti sọ fún wa pé o máa wà lára àwọn amòfin tó ń sọ̀rọ̀ láàárọ̀ Sátidé lórí àwọn ẹjọ́ tó wà ní kóòtù àti wàhálà ìbò yìí, mi ò fẹsẹ̀ kan máṣíìnì mi ní Sátidé mọ́ àfi tí o bá sọ̀rọ̀ tán. Mo máa ń gbá ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń wọ aṣọ tó mọ́, mo sì máa ń gbé rédíò sórí tábìlì tí mo fi ń lọ aṣọ, kó má baà jẹ́ pé inú ìdọ̀tí ni ọmọ mi dúró sí tó ń sọ̀rọ̀ òfin. Àwọn oníbàárà náà máa ń wá jókòó. Ẹni tó bá ń wúkọ́, mo máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ wúkọ́ síta, kó má baà da ọkàn rẹ rú.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ń bi yín ní ìbéèrè yẹn, kò ní sùúrù. O ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu sí ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, ló bá ní kí ẹ dúró ná, obìnrin kan sì wọlé, ó ń kọrin ọṣẹ. Kò sẹ́ni tó lé e jáde. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ó tún wá, orin kan náà. Mo rò pé ẹ̀yin tí ẹ mọ òfin lẹ máa bá a wí, ẹ kàn dákẹ́ kó kọrin rẹ̀ tán. Àti lọ́yà kejì tí ẹ jọ máa ń jókòó, èyí tí o máa ń pè ní ọ̀rẹ́ rẹ ọ̀mọ̀wé, ìyá rẹ ti ń fi í sínú àdúrà nítorí pé ọ̀rẹ́ ọmọ òun ni. Àfi ọjọ́ tí o sọ pé ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ ọ̀mọ̀wé sọ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá, òun náà sì ní ìwọ lo kò ka ìwé náà dópin. Ìyá rẹ di orí mú, ó ní irú ọ̀rẹ́ wo rèé. Nígbà tí ètò parí, a gbọ́ tí ẹ̀yin méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n bi ọ́ bóyá ọkùnrin náà ti níyàwó.

Ó dára, mo ti ń yí ọ̀rọ̀ náà po, jẹ́ kí n sọ ọ́. O mọ Káfíńtà, ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ tèmi, tó kan tábìlì tí o fi ń kàwé nígbà tí o wà ní kékeré, tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. O mọ̀ pé ó díje fún ipò káńsẹ́lọ̀ àdúgbò wa, o mọ̀ pé ó wọlé, o sì mọ̀ pé ẹni tó ṣe ipò kejì gbé e lọ sí kóòtù. Ohun tí o kò mọ̀ ni pé láàárọ̀ Sátidé yẹn, inú ṣọ́ọ̀bù mi ni Káfíńtà wà. Ó dúró níwájú mi, ó na apá méjèèjì bí ẹni fẹ́ fò, mo ń wọn aṣọ tó máa wọ̀ lọ búra.

Ìgbà yẹn ni o sọ pé bí ẹgbẹ́ òṣèlú kan bá yan olùdíje rẹ̀ lẹ́yìn tí ọjọ́ tí òfin dá ti kọjá, ẹni náà kì í ṣe olùdíje lójú òfin, àti pé gbogbo ìbò tí wọ́n dì fún un, bó pọ̀ bí iyanrìn, bí ẹni tí kò dìbò ni. Ọ̀rẹ́ rẹ ọ̀mọ̀wé bi ọ́ pé ká ní ẹni tí o mọ̀ ni ńkọ́. O ní o mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀, èèyàn rere ni, ṣùgbọ́n òfin kò béèrè bóyá èèyàn rere ni. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi. Bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ, ketekete, láìkọsẹ̀. Mo ju téèpù sílẹ̀ ní àyà Káfíńtà, mo pàtẹ́wọ́. Mo ní, Káfíńtà, ṣé o gbọ́ ọmọ mi?

Ó rọra sọ apá rẹ̀ kalẹ̀, ọ̀kan, lẹ́yìn náà ìkejì. Ó dé fìlà rẹ̀, ó kí mi pé kú iṣẹ́, ó sì ré títì kọjá. Mo rò pé ìtọ̀ ló ń gbọ̀n ọ́n. Mo ṣì ń sọ fún àwọn tó kù bí o ṣe mọ̀wé tó nígbà tí obìnrin tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì fún mi fà mí láṣọ, ó ní, Télọ̀, ẹjọ́ Káfíńtà mà ni ọmọ rẹ ń sọ yẹn.

Láti ọjọ́ náà, Káfíńtà yí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ padà. Tẹ́lẹ̀, bó bá ń fá pákó, a jọ máa ń kojú síra wa, bí ọ̀rọ̀ kan bá sì dé láàárín wa, a óò máa ju ú síra wa lórí títì. Nísinsìnyí ẹ̀yìn rẹ̀ ni mò ń rí. Ìyàwó rẹ̀ tí òun àti ìyá rẹ jọ máa ń lọ sọ́jà ti ń lọ ní tirẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ń wọlé tọ̀ mí wá, wọ́n ní ẹnu rẹ ló fẹ́ ba ti ọkùnrin náà jẹ́, pé adájọ́ náà ń gbọ́ rédíò nílé bíi gbogbo èèyàn, bó bá ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ, kí ló kù tó fẹ́ rò mọ́? Wọ́n ní kí n jẹ́ kí o kó ọ̀rọ̀ rẹ padà. Èmi náà rò ó, mo rí i pé ọ̀rọ̀ gidi ni.

Bí mo ṣe pe nọ́ńbà tí ọkùnrin aláìnísùúrù yẹn máa ń kà nìyẹn. O mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n o kò mọ bó ṣe rí níbí. Wọ́n ní ibo ni mo ti ń pè, mo ní inú ṣọ́ọ̀bù mi ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò. Bí mo ṣe sọ ọ́ ni ẹnìkan nínú rédíò tún un sọ, ohùn rẹ̀ jọ tèmi, mo sì dúró kó kọ́kọ́ sọ tirẹ̀ tán. Òun náà dúró. Wọ́n ní kí n dín rédíò kù. Mo rò pé wọ́n ní kí n dákẹ́ ni, inú bí mi, mo pariwo pé bàbá lọ́yà ni mí. Ìgbà náà ni mo wá béèrè, níwájú gbogbo ayé, bóyá ọmọ mi lè kó ohun tó sọ padà. O kí mi. O ní:

"Bàbá mi, mi ò lè kó o padà, torí èmi kọ́ ni mo gbé e síbẹ̀."

Ibi tí mo ti fẹ́ dá ọ lóhùn ni obìnrin ọlọ́ṣẹ wọlé.

Mi ò fi pa mọ́ fún ọ, mo bínú. Mo fi aṣọ bo rédíò. Mo sọ fún ìyá rẹ pé a rán ọmọ lọ kọ́ òfin, òfin ti gba ọmọ lọ́wọ́ wa. Ó kàn ń fi epo ra orúnkún rẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ ìdájọ́ pé, àwọn èèyàn Káfíńtà háyà mọ́tò. Kò sẹ́ni tó pè mí, mo wọ mọ́tò náà, mo jókòó sẹ́yìn pátápátá. Ọmọ mi, bí kóòtù ṣe ń rí nìyẹn? Fáànù ń yí, kò sì sí atẹ́gùn. Lọ́yà Káfíńtà wọ gọ́ọ̀nù dúdú tó ti ya lábẹ́ apá, ẹni tó bá a rán an sì fi òwú funfun rán aṣọ dúdú. Jọ̀ọ́, bí tìẹ bá ti ya, fi ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ń sọ pé Olúwa mi, Olúwa mi, mo gbójú sókè, mo rò pé àdúrà ni wọ́n fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, àṣé adájọ́ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Adájọ́ náà kàwé títí, ohùn rẹ̀ kò ròkè, kò rodò. Bó ṣe dé ibi tó ní òun wọ́gi lé ìbò náà, mo wo Káfíńtà, torí láàárín gbogbo wa òun ló ni igi. Ó tẹrí ba. Ọ̀rọ̀ tí adájọ́ sọ, ọmọ mi, ọ̀rọ̀ rẹ gan-an ni, bí ẹni pé ẹ jọ ṣe é. Ó ní kí wọ́n gbé ipò náà fún ẹni tó ṣe ìkejì.

Nígbà tí a jáde, mo rí lọ́yà Káfíńtà àti lọ́yà ẹnìkejì ní ọ̀nà àbájáde, àwọn tó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ jẹ ara wọn ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n jọ ń mu omi nínú ike kan, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí. Mo fẹ́ lọ bá wọn. Káfíńtà dì mí láṣọ mú, ó ní kí n fi wọ́n sílẹ̀, iṣẹ́ wọn ni wọ́n ṣe tán. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì tó wà níbẹ̀, ó fọwọ́ kan oríkèé bẹ́ńṣì náà, ó ní ìṣó ni wọ́n fi kàn án, kò yẹ kó jẹ́ ìṣó. Ó wá wò mí lójú, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Sátidé yẹn.

"Lọ́yà mi mọ ohun tí ọmọ rẹ mọ̀," ó ní. "Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti mọ̀ ọ́n. Ó ń sọ fún mi pé yóò dùn, yóò dùn. Inú rédíò ni mo ti gbọ́ òótọ́."

Nígbà tí a fẹ́ padà, iwájú mọ́tò ni wọ́n fi ààyè rẹ̀ sí. Ẹ̀yìn ló wá jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń rò ó. Mi ò sọ pé òfin kò dára, ṣùgbọ́n èmi náà dìbò. Oòrùn pa mí lórí ìlà, ẹni tó wà níwájú mi gbé ọmọ sẹ́yìn, ọmọ náà ń ké, kò sẹ́ni tó kúrò. A ò mọ ìgbà tí ẹgbẹ́ yan Káfíńtà, a kò bá wọn jókòó níbẹ̀. Àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ ló pẹ́, àwa la jẹ ìyà rẹ̀. Ibo ni wọ́n ń kó irú ìbò bẹ́ẹ̀ sí, ọmọ mi? Ìyá rẹ ní bí wọ́n bá ti ní òun kò dìbò, kí wọ́n wá nu yíǹkì tí wọ́n fi sí òun lọ́wọ́, torí ó ṣì wà létí èékánná rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́, lẹ́yìn náà mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Bóyá ẹ̀yin tí ẹ ń sọ̀rọ̀ ní Sátidé lè fi èyí kún un lọ́jọ́ kan.

Ìyàwó Káfíńtà kò tíì bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀. Aṣọ ìbúra náà, mo ti gé e, mi ò tíì rán an. Kò béèrè, mi ò sì mẹ́nu bà á. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ wá lánàá, ó jókòó sórí àga tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó sí. Ó ní gbogbo èèyàn ń sọ pé kí òun gbé ẹjọ́ lọ sí kòtẹ́milọ́rùn. (Orúkọ ilé ẹjọ́ yìí nìkan ló yé mi dáadáa nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yín, torí kò tẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn ní àdúgbò yìí.) Lọ́yà rẹ̀ ní yóò dùn. Àwọn ẹgbẹ́ ní yóò dùn. Ó ní òun ti ń wo pákó tó kù nínú ṣọ́ọ̀bù òun bóyá kí òun tà á fi sanwó ẹjọ́, òun sì fẹ́ kí ẹni tí kò wojú òun nígbà tí òótọ́ kò dùn sọ fún òun bóyá kí òun lọ tàbí kí òun jókòó. Ìwọ ló ní kí n bi.

Nítorí náà mo bẹ̀ ọ́, má wojú mi, má wojú tábìlì tó kàn fún ọ. Bí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀ fún un, sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó o bá ń sọ ọ́, rántí pé ọkùnrin kan ló na apá méjèèjì dúró níbẹ̀.

Bẹ́líìtì máṣíìnì mi ti ń yọ̀, bó o bá rí owó díẹ̀, fi ránṣẹ́, kí o sì fi ti òróró orúnkún ìyá rẹ kún un. Kí o tún bá mi sọ fún àwọn onírédíò pé kí wọ́n dá owó tí wọ́n yọ nínú fóònù mi padà, torí ọmọ mi ni mo bá sọ̀rọ̀, n kò ra ọṣẹ.

Ọlọ́run yóò máa fi ọ̀rọ̀ tó tọ́ sí ọ lẹ́nu ní àkókò tó tọ́. Àwọn tí o bá sọ òótọ́ fún yóò padà wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, ojú rẹ ló máa ṣe. O ò ní jókòó ṣì, o ò ní dìde ṣì. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ, Télọ̀.

Káfíńtà ti wọlé bí mo ṣe ń ká lẹ́tà yìí pọ̀, ó ní kí n ṣí i padà kí n fi èyí kún un: jọ̀ọ́, kó o má fi rédíò dá òun lóhùn.